Ẹnu Aláròyé Kọ́ Ló Fà Á

Ní ilé káfíńtà, wọn kì í fi aago jí. Ohùn ọmọ rẹ̀ obìnrin ni aago. Kí àkùkọ tó rántí iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ náà á ti máa béèrè ohun tó dé tí òṣùpá ò fi lọ sùn, ta ló kọ́kọ́ pe tábìlì ní tábìlì, ṣé ẹja máa ń mu omi ni àbí ó kàn ń gbé inú rẹ̀ lásán. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Aláròyé.

Káfíńtà a máa sọ pé, "Ọlọ́run fún àwọn kan ní ọmọ, ó fún èmi ní rédíò tí kò ní ibi tí wọ́n ti ń pa á."

Ìyá ọmọ náà, tó jẹ́ aránṣọ, ni kì í fi orúkọ yẹn bú u. Bó bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lówùúrọ̀, á máa kì í báyìí:

"Aláròyé mi,
ẹyẹ tí í jí kí ọ̀yẹ̀ tó là,
ó bá odò sọ̀rọ̀, odò dúró gbọ́,
ó bá òkè sọ̀rọ̀, òkè dá a lóhùn.
Ọmọ tó fọhùn tí ilé mi fi kún."

Ọmọ náà á dáhùn pé, "Ilé wa kún, ìyá mi!" Ẹ̀rín á sì gba ilé kan.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ tí a ń sọ yìí, ilé náà dákẹ́ bí ilé tí àwọn ará inú rẹ̀ ti kó lọ. Káfíńtà jí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó jáde sí pálọ̀, ó bá Aláròyé tó ti wọ aṣọ ilé-ìwé, tó ń jẹun. Ọmọ náà tẹ́ àkísà sábẹ́ àwo irin rẹ̀ kó má baà dún. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wọ̀ ọ́; ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn nínú ilé. Kódà ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tó máa ń ké bí ewúrẹ́ kò ké mọ́. Ó ti kán òróró ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ sí hínjì rẹ̀.

"Aláròyé."

Ó gbójú sókè.

"Ṣé o jí ire?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹnu ńkọ́? Ṣé o yá a fún ẹlòmíràn ni?"

Ọmọ náà wo ẹnu-ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ kò sí nínú yàrá náà. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ.

Díẹ̀díẹ̀ ni àìsàn náà wọlé, bí òjò tí ń gba òrùlé jò. Oorun ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀, á máa dá ẹnì kan tí wọn ò rí lóhùn. Wọ́n fún un ní oògùn ní ọsibítù, ó lò ó díẹ̀, ó pa á tì, ó ní oògùn náà ń jẹ́ kí ẹnu òun gbẹ.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà jáde síta, onígbàjámọ̀ àdúgbò ló wá gba ṣẹ́ẹ̀tì tuntun tó ní kó rán fún òun. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ lọ, ọwọ́ ò dé.

"Ìyá Aláròyé, ọwọ́ mi ti wọlé o, kò rí ọ̀nà jáde."

"Mo dí i ni," ni aránṣọ wí. "Ẹnu ọwọ́ aṣọ ni wọ́n ń gbà wọlé."

"Àwọn wo?"

Aláròyé ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká dí ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà! Báwo ni bàbá onígbàjámọ̀ ṣe máa rìn? Ṣé ó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ ni? Ìyá mi, ọ̀pọ̀lọ́ a máa wọ ṣòkòtò bí?"

Ni ìyá rẹ̀ bá fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. "Aláròyé, dákẹ́! Ẹnu rẹ yìí máa yà mí ní wèrè!"

Kò sẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ta ni nínú wa tí kò tíì sọ irú rẹ̀ sọ́mọ? Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, aránṣọ bọ́ síta pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, ó ń gé okùn tí àwọn aládùúgbò fi ń sá aṣọ. Wọ́n rọra gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù. Aláròyé dúró lójú fèrèsé, ó ń wò wọ́n.

Nígbà tí káfíńtà ti ọsibítù dé, ó wá ọ̀rọ̀ tì. Ẹni tó lè wo pákó kó sọ bí igi náà ti dàgbà tó, kò mọ bí a ti í wo ojú ọmọ kó sọ òótọ́. Ó ní, "Ìyá rẹ lọ sinmi."

Ohun kan náà ló sọ fún tíṣà ọmọ náà lẹ́nu géètì ilé-ìwé. "Ẹ bá mi máa mójú tó o, mà. Ìyá rẹ̀ ti lọ sinmi."

Tíṣà fọwọ́ bo ẹnu. "Háà! Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

"Rárá o! Kì í ṣe sinmi yẹn."

"Sinmi wo ni nígbà náà, sà?"

Káfíńtà fọwọ́ ha orí. "Sinmi... bí ẹni tó rẹ̀."

"Ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì lọ," ni tíṣà wí, omi sì ti ń lé ròrò lójú rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́."

Aláròyé wà láàárín wọn. Ó ń wo ẹnu ẹni yìí, ó ń wo ẹnu ẹni yẹn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sọ̀rọ̀ sókè mọ́.

Ìyá káfíńtà, Màmá Àgbà, gbọ́ ìròyìn, ó sì wá bá wọn gbé. Ó fẹ́ràn ọmọ ọmọ rẹ̀ bí ojú. Ó ń gbàdúrà lé e lórí láàárọ̀, ó ń gbà á lálẹ́, ṣùgbọ́n kò yé e rárá. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bí òjò, tó wá dákẹ́ bí ẹ̀ẹ̀rùn! Ọ̀rọ̀ alágbàfọ̀ ilé kejì ló tún wá da epo sí iná.

Alágbàfọ̀ ń yọ́ ọ̀rọ̀ sọ lẹ́yìn ògiri. "Màmá, ẹ máa ṣọ́ ọmọ yẹn o. Ẹni bí ni là á jọ."

"Àìdára kò ní jọ ọmọ mi!" ni Màmá Àgbà dá a lóhùn. "Lọ máa lọ aṣọ rẹ."

Ó lé e lọ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò bá a lọ. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Káfíńtà, ohun tó ṣe ìyá ti ń mú ọmọ."

"Màámi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí n dákẹ́ kó dàgbà ni? Báyìí kọ́ ni ìyàwó rẹ ṣe bẹ̀rẹ̀? Ṣebí ìwà rẹ̀ ló kọ́kọ́ yí padà? Oògùn tó pa tì ńkọ́? Ṣebí ó ṣẹ́ kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Fún ọmọ ní ìdajì, kí oògùn lè pàdé àìsàn náà lọ́nà."

Ọ̀rọ̀ náà tojú sú káfíńtà. Bó bá fún un, kò mọ̀ bóyá ó dára. Bí kò bá fún un, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta ni yóò sọ pé òun kò gbọ́ ìkìlọ̀? Ó mú hóró oògùn kan, ó fi ọ̀bẹ pín in sí méjì.

"Aláròyé, ya ẹnu."

Ọmọ náà ya ẹnu.

Ó ya á gbàgà, kò sọ nǹkan kan. Kò béèrè pé kí ni. Kò béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìdajì, níbo ni ìdajì kejì ń lọ, ta ló ń jẹ ẹ́, ṣé ó korò. Ọmọ tí wọ́n máa ń bẹ̀ títí di ọ̀sán kó tó mu oògùn ikọ́! Ẹ̀rù tó ba káfíńtà nígbà náà ju ti gbogbo ọjọ́ yòókù lọ. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ṣé o ò ní bi mí ní ohun tó jẹ́ ni?"

Aláròyé mi orí, ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní yíyà.

"Pa ẹnu dé, ọmọ mi. Pa á dé." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màámi, mi ò lè ṣe é. Ẹ jẹ́ ká lọ bi àwọn tó ni oògùn."

Bí wọ́n ti dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú aránṣọ ló pàdé wọn. Obìnrin sísanra kan ni, ọlọ́yàyà, tí bàtà rẹ̀ ń dún pàkà-pàkà. Ó ń gbé àwo irin kan tí wọ́n to ife oògùn òfìfo sí. Káfíńtà na ìdajì hóró tó dì sínú bébà sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìbéèrè kan péré ni. Ìdajì la máa fún un ni, àbí ìdajì ìdajì?"

"Fún ta ni?"

"Ọmọ yìí."

"Dókítà wo ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

Màmá Àgbà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ rẹ̀. "Kò sí dókítà kankan. Àwa la wò ó. Ohun tó ń ṣe ìyá rẹ̀ ló ti ń mú un. A fẹ́ tètè dá a dúró ni."

Nọ́ọ̀sì wo hóró oògùn, ó wo ọmọ. "Ó ti gbé e mì?"

"Rárá," ni káfíńtà wí.

"Ọlọ́run ṣeun! Màmá, bí orí bá ń fọ́ ẹ̀yin, ta ni ẹ máa ń fún ní oògùn?"

"Èmi náà ni."

"Ẹ kì í fún ọmọ ọmọ yín lò ṣáájú kí orí tirẹ̀ náà má baà fọ́?" Bó ti ń sọ̀rọ̀, ó fẹ́ gba bébà náà lọ́wọ́ káfíńtà, ni àwo bá yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbàràgàdà! Ife fọ́n káàkiri ilẹ̀.

Aláròyé sáré dọ̀bálẹ̀ lórí àwo náà, ó fi àyà tẹ̀ ẹ́ kó má baà dún mọ́. Ó sì fọhùn, bí ẹni tó ń mí:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gbọ́."

Nọ́ọ̀sì bọ́ bàtà pàkà-pàkà náà sílẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun náà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kí ta ni má gbọ́?"

"Ìyá mi."

"Bó bá gbọ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?"

"Á tún yà á ní wèrè."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni. Ó ní ẹnu mi máa ya òun ní wèrè. Mi ò sì tètè dákẹ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Bàbá mi ní ó ń sinmi. Tíṣà mi kí bàbá mi bí ìgbà tí èèyàn bá kú. Mi ò mọ èyí tó jẹ́. Mo kàn ń dákẹ́ fún méjèèjì."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Káfíńtà fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi jókòó. Màmá Àgbà di gèlè rẹ̀ mú, ó ní, "Yéè! Ọmọ yìí ti ń dá gbé ẹrù àgbà, àwa sì ń wá oògùn tí a ó fún un."

Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ ọmọ náà mú. "Gbọ́ mi dáadáa. Ìyá rẹ kò kú. Ó wà ní yàrá tó wà lẹ́yìn ọgbà yẹn. Àìsàn ló ń ṣe é, ọpọlọ ni àìsàn náà wà. O mọ bí ikọ́ ṣe ń wà láyà, tí kì í jẹ́ kí èèyàn mí dáadáa? Èyí wà níbi tí a fi ń ronú, kì í jẹ́ kí èèyàn ronú dáadáa. Ariwo ọmọ kì í fa irú àìsàn yẹn."

"Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́."

"Ó sọ ọ́. Àgbà a máa sọ ọ́ bí nǹkan bá sú wọn. Èmi náà ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi, bó o ṣe ń wò mí yìí, ṣé mo jọ wèrè?"

Aláròyé wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà. "Díẹ̀," ló wí.

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Màmá Àgbà náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú.

Káfíńtà béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. "Mà, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kò ní mú un lọ́la?"

"Mi ò ní parọ́ fún yín. Àwọn àìsàn ọpọlọ kan a máa rìn nínú ẹbí, bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń rìn nínú ẹbí mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun tó lè ṣẹlẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò sì ní í ṣe láéláé. Bí ìyípadà kan bá wà lára ọmọ tó ń kọ yín lóminú, ẹ gbé e wá ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fún un ní oògùn ẹlòmíràn. Èyí tẹ ẹ́ dì sí bébà yìí lè ṣe é ní jàǹbá gidi. Ohun tí mo rí lára ọmọ yìí nísinsìnyí, ìbẹ̀rù ni, kò sì sí hóró oògùn tó ń wo ìbẹ̀rù tí ẹnikẹ́ni ò bá a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀."

"Àdúrà tí mò ń gbà ńkọ́?" ni Màmá Àgbà béèrè.

"Ẹ máa gbà á, màmá. Àdúrà kò bá oògùn jà. Ẹ kàn jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ ohun tí ẹ ń tọrọ fún un, kó má rò pé ẹ ń lé nǹkan jáde lára òun."

Kó tó mú wọn lọ sí yàrá aránṣọ, ó sọ fún Aláròyé ohun tí yóò rí. "Oògùn ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ falẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì lè máa gbọ̀n. Oògùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ó ń bínú sí ọ. Bí o kò bá fẹ́ wọlé lónìí, kò burú."

"Mo fẹ́."

Aránṣọ jókòó lẹ́bàá ibùsùn, ojú rẹ̀ wúwo. Nọ́ọ̀sì ti wọlé ṣáájú láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Nígbà tó rí ọmọ rẹ̀ tó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, ó ní:

"Ọmọ mi... fi gbogbo ẹsẹ̀ rìn."

Aláròyé dúró.

"Ẹnu rẹ kọ́. Ṣé o gbọ́? Ara mi ni kò yá. Ẹnu rẹ kọ́ ló fà á." Ó na ọwọ́, ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Ó gbìyànjú láti kì í. "Aláròyé mi... ẹyẹ tí í jí kí ọ̀yẹ̀ tó là... ó bá odò sọ̀rọ̀, odò dúró gbọ́... ó bá òkè sọ̀rọ̀..." Ó dúró. Ó wo ilẹ̀, ó wo òrùlé, ó ń wá ìyókù. Kò rí i.

Káfíńtà fẹ́ bá a sọ ọ́ parí, nọ́ọ̀sì di apá rẹ̀ mú.

"Òkè dá a lóhùn," ni Aláròyé wí. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún ìgbà pípẹ́. "Òkè dá a lóhùn, ìyá mi. Ẹ̀yin lẹ gbàgbé."

Ó pẹ́ kí aránṣọ tó padà sílé. Bó ti padà náà, ọjọ́ kan á dára, ọjọ́ kejì á wúwo. Ṣùgbọ́n ilé káfíńtà ní ọ̀rọ̀ tuntun. Bí ara ìyá kò bá yá, wọn á sọ pé, "Àìsàn náà lágbára lónìí." Aláròyé á sì mọ̀ pé ó di ọ̀dọ̀ Màmá Àgbà láti ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀, kì í ṣe pé ó ṣẹ ẹnikẹ́ni. Káfíńtà padà lọ bá tíṣà, ó là á yé e, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín òkú tí kò kú.

Ní àárọ̀ kan, ohùn kan jí gbogbo ilé. "Bàbá mi, inú ikùn ni oògùn ìyá mi ń lọ, orí sì ni àìsàn wà. Ta ló ń júwe ọ̀nà fún un?"

Káfíńtà dìde jókòó lórí ibùsùn. "Mi ò mọ̀, ọmọ mi. A ó bi nọ́ọ̀sì."

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ jẹ́ ká gbọ́. Bí àìsàn ọpọlọ bá wọ ilé, aláìsàn nìkan kọ́ ló ń jìyà. Ọmọ tó dákẹ́ nígun kan lè máa ro ohun tí àgbà ò lè rò: pé òun ló fà á, pé òun ló gbọ́dọ̀ wò ó sàn. Ẹ sọ òótọ́ fún un ní ọ̀rọ̀ tó yé ọmọdé. Ẹ pe àìsàn ní àìsàn. Ẹ má pè é ní ìsinmi tàbí ìrìn-àjò. Ẹ sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, kì í ràn bí ikọ́, iṣẹ́ dókítà sì ni láti tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kó mọ àgbàlagbà kan pàtó tó lè sá tọ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bá le. Ẹ jẹ́ kó máa ṣeré, kó máa lọ sílé-ìwé, kó máa rẹ́rìn-ín láìbẹ̀rù. Bí ìṣe rẹ̀ bá yí padà, tó dákẹ́ jù, tí kò sùn, tí kò jẹun, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ìlera. Ẹ má ṣe fún ọmọ ní oògùn tí wọ́n kọ fún ẹlòmíràn láé, ìbáà jẹ́ ìdajì, ìbáà jẹ́ èérún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri, ògiri létí, ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà sì létí.

Àbíyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. Ẹ jẹ́ ká kọ́ láti gbọ́ ìdákẹ́ ọmọ pẹ̀lú. Kí Ọlọ́run wo àwọn tí ara wọn kò yá sàn, kó má sì jẹ́ kí ohùn ọmọ kú ní ilé ẹnikẹ́ni wa.